Ìṣirò Kíkọ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama: Lámèyítọ́ Ètò àti Èdè Rẹ̀, pẹ̀lú Àkíyèsí Ìlú Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀

1.0 Ìfáárà

Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú àtayébáyé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ó wà ní abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Àjàlọ́run sì ni orúkọ oyè ọba rẹ̀. Ọmọ tí ó bá dàgbà ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlejò nínú ìṣirò. Kí ó tó mọ ìwé kà ni ó ti ń gbọ́ iye ọjọ́ tí ó kù kí ọjà ó tó pé, tí ó ti ń rí bí àwọn alájọ ṣe ń dá owó jọ tí wọ́n sì ń kó o ní ìkọ̀ọ̀kan, tí ó sì ti ń jẹ́ iṣẹ́ ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà tí ó ń mú ṣéńjì tí ó pé bọ̀ wálé. Síbẹ̀, bí ọmọ yìí bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ìṣirò ni ẹ̀kọ́ tí ó máa ń kọ́kọ́ di ẹrù sí i lọ́rùn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kọ́kọ́rọ́ méjì tí ó ń ṣí ilẹ̀kùn yunifásítì ní Nàìjíríà. Ẹni tí kò bá ní kírédíìtì nínú wọn, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí, bí ó ti wù kí ó mọ àwọn ẹ̀kọ́ yòókù tó.

Ìdáhùn méjì ni ó wọ́pọ̀ bí wọ́n bá béèrè ohun tí ó fà á. Èkíní ni pé àwọn olùkọ́ kò tó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń ṣe ọ̀lẹ. Èkejì ni pé èdè Yorùbá àti òǹkà rẹ̀ kò gba ìṣirò ìgbàlódé, nítorí náà ẹni tí ó bá ń fi Yorùbá ronú ti pẹ́ lẹ́yìn kí eré ìje tó bẹ̀rẹ̀. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ti àkọ́kọ́. Ti èkejì kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ètò ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ni ó fi ògiri sí àárín ohun méjì tí ó yẹ kí ó máa ran ara wọn lọ́wọ́, èyíinì ni ẹ̀kọ́ ìṣirò àti ẹ̀kọ́ Yorùbá. Ògiri yìí ni ó yẹ kí lámèyítọ́ dojú kọ, kí ó má ṣe jẹ́ pé ẹ̀bi ọmọ tàbí ẹ̀bi èdè nìkan ni wọn yóò máa wá kiri.

2.0 Bí ètò náà ṣe dé ibi tí ó wà

Ní ọdún 1962 ni àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti láti òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ní ìlú Entebbe ní orílẹ̀-èdè Ùgáńdà láti kọ ìwé ìṣirò tuntun fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Áfíríkà. Grace Alele-Williams, tí ó di obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1963, wà lára àwọn tí wọ́n bá wọn ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún púpọ̀. Láti inú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n pè ní ìṣirò òde-òní ti wọ inú ilé-ẹ̀kọ́ wa, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ nípa sẹ́ẹ̀tì àti òǹkà onídìí méjì. Àwọn òbí kò mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wọn mọ́, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kò sì gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó tó lórí rẹ̀. Ní ọdún 1977 ni ìjọba àpapọ̀ fi òpin sí i.

Bí ènìyàn bá wo àríyànjiyàn ìgbà náà dáadáa, yóò rí i pé ohun tí ó jẹ wọ́n lógún jù ni irú ìṣirò tí ó yẹ ní kíkọ́: ṣé ti àtijọ́ ni tàbí ti tuntun? Èdè tí wọn yóò fi kọ́ ọ kò sí ní àárín gbùngbùn ọ̀rọ̀ náà. Ìwé tuntun lọ, ìwé àtijọ́ padà wá, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ méjèèjì kò yí padà.

Ọdún 1977 kan náà ni ìjọba gbé Ìlànà Àpapọ̀ lórí Ètò Ẹ̀kọ́ jáde. Ìlànà náà fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ṣe èdè ìkọ́ni ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò rẹ̀ ní kíláàsì òkè. Nígbà tí ètò ọlọ́dún mẹ́fà, mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́rin gbéra ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 1982, wọ́n pín girama sí ìpele kékeré àti ìpele àgbà. Ọdún 1988 ni WAEC kọ́kọ́ ṣe ìdánwò ìwé-ẹ̀rí ìpele àgbà lábẹ́ ètò yìí. Ìṣirò jẹ́ ọ̀ranyàn fún gbogbo ọmọ ní ìpele méjèèjì. Ní ìpele àgbà, ìṣirò gbogboogbò wà fún tẹrú-tọmọ, ìṣirò onípele gíga sì wà fún ìwọ̀nba àwọn tí ó bá yàn án.

Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 tún mú nǹkan mìíràn wá. Ó so ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọdún mẹ́ta ìpele kékeré girama, ó sì pe mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ní ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ kan ṣoṣo. Níbí ni àléébù àkọ́kọ́ ti hàn gbangba. Òfin so ọdún mẹ́sàn-án pọ̀, ṣùgbọ́n ìlànà èdè ti gé e sí méjì kí ọmọ tó dé agbedeméjì. Ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ní ìròpọ̀ àti àyọkúrò ní ọmọ ọdún méje, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní áljẹ́bírà ní ọmọ ọdún méjìlá, kò sì sí afárá kankan tí wọ́n kàn sí àárín méjèèjì.

3.0 Iṣẹ́ Ilé-Ifẹ̀ àti ibi tí ó parí sí

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ilẹ̀ Yorùbá ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ ṣe. Ilé-Ifẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tí iṣẹ́ yìí ń sọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́, títí kan ìṣirò, fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi wé wọn yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ìṣe ilé-ẹ̀kọ́ yòókù. Ìwé tí Fafunwa, Macauley àti Sokoya gbé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1989 fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ kò pàdánù ohunkóhun, àti pé wọ́n tayọ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ènìyàn mọ ibi tí ẹ̀rí yìí parí sí. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni ó kàn. Nígbà tí àwọn ọmọ náà wọ girama, inú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wọ̀. Ẹni tí ó bá tọ́ka sí iṣẹ́ Ilé-Ifẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé Yorùbá lè gbé ìṣirò girama ti sọ ju ohun tí ìwádìí náà sọ lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí nípa àwọn ìwé ọ̀rọ̀. Ní àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀, NERDC, kó ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò jọ ní èdè Nàìjíríà mẹ́sàn-án, Yorùbá sì wà nínú wọn. Iṣẹ́ ribiribi ni, ṣùgbọ́n ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni òun náà. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, àti apá kejì rẹ̀ tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1990, ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni wọ́n kó ọ̀rọ̀ jọ lé lórí. Àwọn onímọ̀ Yorùbá ṣe èdè-ìperí fún iṣẹ́ ara wọn, wọ́n ṣe dáadáa. Olùkọ́ ìṣirò ní kíláàsì kìn-ín-ní girama kò rí tirẹ̀ gbà nínú rẹ̀.

Ohun tí ó wá ń ṣẹlẹ̀ kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó nínú kíláàsì girama ní ilẹ̀ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ ń kọ sójú pátákó. Bí ó bá rí i pé ojú àwọn ọmọ ṣú, yóò fi Yorùbá là á yé wọn, yóò sì tún padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá náà wà nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ni. Kò sí ìwé tí ó tọ́ olùkọ́ sọ́nà lórí rẹ̀, kò sí ẹni tí ó dá a lẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí ó bá sì bọ́ sí i lẹ́nu lọ́jọ́ náà ni yóò lò. Bí olùkọ́ mẹ́ta bá wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, orúkọ mẹ́ta ni ohun kan ṣoṣo lè ní.

4.0 Ohun tí ó wà nínú òǹkà Yorùbá

Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ìjọ CMS, ti kọ̀wé lórí òǹkà Yorùbá ní ọdún 1887, ó sì so ó pọ̀ mọ́ bí wọ́n ṣe ń ka owó ẹyọ. Samuel Johnson náà ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1921. Láti ìgbà náà ni àwọn àjèjì ti ń fi ìyanu sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa sì ń sá fún un. Kí ni ó wà nínú rẹ̀ fún ọmọ girama? Àpẹẹrẹ méjì yóò tó.

Àpẹẹrẹ kìn-ín-ní ni iye ọjọ́ tí ó wà nínú ọdún kan. Yorùbá a máa pè é ní irínwó ó dín márùndínlógójì. Irínwó ni 400. Márùndínlógójì ni 40 tí wọ́n yọ 5 kúrò nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ohun tí ẹnu sọ sílẹ̀ bí ó ti wà gan-an, yóò jẹ́ 400 − (40 − 5), èyí tí ó jẹ́ 365. Bí ọmọ bá gbàgbé àkámọ́ tí ó kọ 400 − 40 − 5, 355 ni yóò rí. Ọjọ́ mẹ́wàá ti sọnù. Ẹni tí ó bá ti kọ́ni ní áljẹ́bírà rí mọ̀ pé ibí yìí gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú: wọn kì í rántí pé àmì àyọkúrò tí ó wà níwájú àkámọ́ a máa sọ àyọkúrò inú rẹ̀ di ìròpọ̀. Wọn a máa há òfin náà sórí, wọn a sì máa gbàgbé rẹ̀ kí ìdánwò tó dé. Òfin yìí wà nínú ọ̀rọ̀ tí bàbá-ńlá wọn fi ń pe ọdún. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú rẹ̀ láti fi hàn wọ́n, nítorí pé ìròpọ̀ nìkan ni ó fi pe 365.

Àpẹẹrẹ kejì ni ọjà. Ọjà ọrún ni ọjà tí ó ń pé ní ọjọ́ kárùn-ún kárùn-ún. Bí wọ́n bá ná an ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò tún ná an, nítorí pé Yorùbá a máa ka ọjọ́ òní mọ́ ọn: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Ọjọ́ márùn-ún ni ẹnu kà, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni ó wà láti ọjà kan dé èkejì. Lọ́nà kan náà, ìsán jẹ́ mẹ́sàn-án lẹ́nu, ó sì jẹ́ mẹ́jọ ní ìgbésẹ̀. Ìtàdógún jẹ́ mẹ́tàdínlógún lẹ́nu, ó sì jẹ́ mẹ́rìndínlógún ní ìgbésẹ̀.

Nísinsìnyí, kí wọ́n fún ọmọ girama ní ìbéèrè yìí: ọjà ọrún kan àti ọjà ìsán kan bọ́ sí ọjọ́ kan náà lónìí, ọjọ́ mélòó ni yóò kọjá kí wọ́n tó tún pàdé? Bí ọmọ náà bá mú 5 àti 9 láti inú orúkọ wọn, tí ó wá ìlọ́po àjùmọ̀ní tí ó kéré jù, 45 ni yóò rí. Àṣìṣe ni. Ìyá tí ó ń ná ọjà méjèèjì mọ̀ pé wọ́n máa ń pàdé ní gbogbo ìgbà tí ìsán bá pé, nítorí pé ìlọ́po àjùmọ̀ní 4 àti 8 tí ó kéré jù ni 8. Bí ìtàdógún bá sì dara pọ̀ mọ́ wọn, ọjọ́ 16 ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò pàdé. Lẹ́nu, 5, 9 àti 17 kò jọ ara wọn rárá. Ní ìgbésẹ̀, 4, 8 àti 16 ni wọ́n, ìkọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti ìṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ èyí ti mọ ìyàtọ̀ láàárín kíka ohun tí ó wà níbẹ̀ àti kíka àlàfo tí ó wà láàárín wọn. Ìyàtọ̀ yìí sì ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ lórí ìlà nọ́ńbà àti lórí ìtòtẹ̀léra nọ́ńbà.

Kò sí ohun àràmàǹdà nínú àpẹẹrẹ méjèèjì. Kò sí ìdí láti sọ pé òǹkà Yorùbá ju ti ẹlòmíràn lọ. Ohun tí wọ́n fi hàn ni pé ohun èlò ìkọ́ni wà nínú èdè, àti pé ohun èlò náà bá ibi tí ó ń nira fún akẹ́kọ̀ọ́ mu.

5.0 Ibi tí ìyìn ti lè ṣìnà

Àwọn kan wà tí wọ́n rò pé bí wọ́n bá ti yin òǹkà Yorùbá tó, iṣẹ́ ti parí. Wọn a tọ́ka sí Ifá: pé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, pé ojú kọ̀ọ̀kan lè dojú bolẹ̀ tàbí kí ó ṣí sókè, nítorí náà pé 2 ní ìlọ́po ara rẹ̀ lọ́nà mẹ́jọ ni 256, èyí tí í ṣe iye odù. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyìn tí kò di iṣẹ́ kíláàsì kò ran ọmọ kankan lọ́wọ́ nínú ìdánwò. Àléébù mẹ́ta ni ó yẹ kí onímọ̀ Yorùbá gbà pé ó wà.

Èkíní, ọ̀pọ̀ ọmọ lónìí kò mọ òǹkà Yorùbá mọ́ bí ó bá ti kọjá àádọ́ta. Nínú ọjà pàápàá, bí iye owó bá ti pọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ó máa ń bọ́ sí wọn lẹ́nu. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, irínwó ó dín márùndínlógójì kì í ṣe ilé. Ilẹ̀ àjèjì mìíràn ni.

Èkejì, àwọn ọ̀rọ̀ kan kò tíì dúró sójú kan. Ìdámẹ́ta jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta fún ẹni tí ó gbọ́ ọ bí ìdámẹ́wàá inú ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ìpín mẹ́ta ni ó jẹ́ létí ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá sọ pé owó Adé fi ìlọ́po mẹ́ta ju ti Bọ́lá lọ, tí Bọ́lá sì ní náírà mẹ́wàá, ṣé ọgbọ̀n náírà ni ti Adé ni tàbí ogójì? Àwọn tí wọ́n gbọ́ Yorùbá dáadáa kò ní fẹnu kò lórí rẹ̀. Ìwé ọ̀rọ̀ nìkan kò lè wo èyí sàn. Gbólóhùn ni ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oníkọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí Helen Verran, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 2001. Ó rí i pé àwọn olùkọ́ Yorùbá ń fi okùn àti pálí kékeré kọ́ni ní ìwọ̀n gígùn ní ọ̀nà tí kò bá ìwé ìtọ́sọ́nà mu, síbẹ̀ tí ẹ̀kọ́ náà ń yé àwọn ọmọ. Ó kọ́kọ́ ṣe àlàyé rẹ̀ bí ẹni pé ìrònú Yorùbá àti ti òyìnbó jẹ́ ayé méjì tí kò pàdé. Nígbà tí ó yá, ó ṣe lámèyítọ́ àlàyé tirẹ̀ náà, nítorí ó ri pé àwọn olùkọ́ náà ń so méjèèjì pọ̀ lójoojúmọ́ láìsí wàhálà. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣe odi. Ohun tí olùkọ́ rere ń ṣe ni pé ó ń rìn síwá sẹ́yìn láàárín èdè méjì, ìrìn náà sì ni ó yẹ kí ètò ẹ̀kọ́ mọ̀ kí ó sì tì lẹ́yìn.

Bí ó ti rí yìí, àléébù tí ó tóbi jù wà nínú ètò ilé-ẹ̀kọ́. Òǹkà Yorùbá wà nínú iṣẹ́ Yorùbá ìpele kékeré girama. Olùkọ́ Yorùbá a máa kọ́ wọn ní òǹkà bí ohun àkọ́sórí, tí àwọn ọmọ yóò kà á ní àkàtúnkà títí wọn yóò fi gba máàkì lórí rẹ̀. Ní kíláàsì kejì, olùkọ́ ìṣirò ń kọ́ àwọn ọmọ kan náà ní àkámọ́ bí òfin tí ó já bọ́ láti ojú ọ̀run. Àwọn olùkọ́ méjèèjì lè jókòó sí yàrá olùkọ́ kan náà fún ọdún mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má mọ̀ pé ohun kan náà ni àwọn ń kọ́. Àtẹ àkókò iṣẹ́ ti yà wọ́n. Kò sí ìwé kan tí ó so wọ́n pọ̀, kò sì sí ìdánwò kan tí ó béèrè ìsopọ̀ náà lọ́wọ́ wọn.

6.0 Ìpinnu méjì ti ọdún 2025

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ni jálẹ̀ ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìkọ́ni láti ìpìlẹ̀ dé yunifásítì. Ìdí tí ó sọ ni pé àwọn agbègbè tí wọ́n lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Ó yẹ kí wọ́n gbé ìdí yìí sórí òṣùwọ̀n ìṣirò. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìn-ín-ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tí wọ́n fọwọ́ sí ìlànà náà yóò lo ọdún méjìlá kí ó tó parí girama. Kò lè jókòó ṣe ìdánwò WAEC kí ọdún 2034 tó dé. Nítorí náà, ìkùnà tí ó ti ṣẹlẹ̀ nínú ìdánwò kí ọdún 2025 tó parí kò lè jẹ́ ẹ̀bi ìlànà ọdún 2022. Bí ó bá jẹ́ pé ìlò èdè abínibí tí ó ti wà kí 2022 tó dé ni mínísítà ń sọ, a jẹ́ pé wọ́n ní láti fi àbájáde ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lo èdè abínibí ní tòótọ́ wé ti ilé-ẹ̀kọ́ tí kò lò ó, ní agbègbè kan náà, pẹ̀lú irú olùkọ́ kan náà. Irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní Modákẹ́kẹ́, àbájáde rẹ̀ kò sì gbe ìkéde yìí.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú fo ìṣòro tí ó wà ní ìhà kejì. Èdè Nàìjíríà pọ̀. Ìlú ńlá kún fún ọmọ oríṣìíríṣìí. Ìjọba lè gbé olùkọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ kì í ṣe Èkó. Ìlú tí èdè kan gbilẹ̀ nínú rẹ̀ ni, ìlànà tí ó bá sì fi ìṣòro Èkó ṣe òfin fún Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ kò wo ojú ẹni tí ó ń ṣe òfin fún.

Ìpinnu kejì ṣáájú èyí pẹ̀lú oṣù kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ kéde pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọnà àti ìmọ̀ ènìyàn ní yunifásítì kò nílò kírédíìtì ìṣirò mọ́. Nígbà tí ó yá, wọ́n ṣàlàyé pé ìṣirò ṣì wà nínú ohun tí gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún nínú ìdánwò àṣejáde. Ọ̀pọ̀ ni inú wọn dùn sí i, kò sì ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ tí ó mọ lítíréṣọ̀ tí ó mọ ìtàn, tí ìṣirò nìkan dè mọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, ti rí ìtúsílẹ̀ gbà.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbé ìpinnu méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ohun kan hàn tí kò hàn bí wọ́n bá wò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èkíní mú Yorùbá kúrò lẹ́nu olùkọ́ ìṣirò. Èkejì mú ìṣirò kúrò lọ́nà ẹni tí yóò di onímọ̀ Yorùbá. Ògiri tí ó ti wà láàárín kíláàsì méjèèjì ni wọ́n tún mọ ga sí i láti ìhà méjèèjì. Ta ni yóò wá kọ èdè-ìperí ìṣirò fún ilé-ẹ̀kọ́ girama? Onímọ̀ ìṣirò tí kò kọ́ Yorùbá kò lè ṣe é. Onímọ̀ Yorùbá tí ó fi ìṣirò sílẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò lè ṣe é. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní gbogbo yunifásítì gbọ̀ngbọ̀n, nítorí àwọn ọmọ tí yóò gba ẹnu ọ̀nà tuntun yìí wọlé ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ́la.

7.0 Àbá àti ìkádìí

Bí onísègùn bá sọ àrùn, ó yẹ kí ó sọ egbòogi. Àbá mẹ́rin ni ó tẹ̀ lé e láti inú ohun tí iṣẹ́ yìí ti yẹ̀ wò.

Èkíní, kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣirò jọ ṣe èdè-ìperí fún ìpele kékeré girama, kí wọ́n sì fi gbólóhùn odidi dán ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìdá àti ìlọ́po ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yanjú.

Èkejì, kí wọ́n má ṣe kọ́ òǹkà Yorùbá bí àkọ́sórí mọ́. Kí olùkọ́ Yorùbá kọ òǹkà sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ìṣirò, kí olùkọ́ ìṣirò sì mú àkámọ́ jáde láti inú òǹkà. Èyí kò nílò òfin tuntun láti Àbújá. Olùkọ́ méjì àti olórí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó gbà fún wọn ni ó nílò, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ní sáà tí ó ń bọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lórí bí wọn yóò ṣe máa rìn láàárín èdè méjèèjì. Èdè ìdánwò ṣì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ sì gbọ́dọ̀ lè ka ìbéèrè rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí nìyẹn gan-an tí ó fi yẹ kí ó kọ́kọ́ yé e ní èdè tí ó gbọ́.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá má ṣe yọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ sí ìlẹ̀kùn tí wọ́n ṣí ní ọdún 2025. Bí wọ́n bá gba ọmọ tí kò ní kírédíìtì ìṣirò wọlé, kí wọ́n kọ́ ọ ní òǹkà àti ìlò rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, kí ó lè kún ojú ìwọ̀n iṣẹ́ tí ó ń dúró dè é.

Ní ìkádìí, ẹjọ́ tí wọ́n ti ń dá láti ọdún 1962 ni pé ìwé kò dára, pé olùkọ́ kò tó, pé ọmọ kò ṣiṣẹ́, pé èdè kò tó èdè. Ohun tí iṣẹ́ yìí rí ni pé wọn kò tíì jẹ́ kí ẹ̀kọ́ méjì tí ọmọ kan náà ń kọ́, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà, pàdé. Ìyá ọlọ́jà tí ó mọ ọjọ́ tí ọrún àti ìsán yóò pàdé ti ṣe ìṣirò rẹ̀ láìsí pátákó. Iṣẹ́ tí ó kù fún ilé-ẹ̀kọ́ ni láti fún ọmọ rẹ̀ ní àmì tí yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ohun tí òun ń kọ sílẹ̀ náà ni ìyá òun ti mọ̀.